Ẹ Béèrè, Ká Jọ Sọ Ọ́: Mo Fẹ́ Se Oúnjẹ Ìyá Àgbà Mi Fáwọn Ọ̀rẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lọ̀pọ̀ yín ń yí ká: ẹ fẹ́ pe ọ̀rẹ́ wá sílé, ẹ fẹ́ dáná fúnra yín, kẹ́ ẹ fi oúnjẹ yẹn rántí àwọn tó bí yín tàbí àwọn tó bí àwọn tó bí yín. Inú mi dùn sí i gan-an ni. Ó ti sú mi kí n máa lọ síbi ìrántí tó jẹ́ pé kánópì, aṣọ ẹbí àti kétárà ló kún ibẹ̀, ẹni tí wọ́n ní àwọn ń rántí ò wá ju fọ́tò ńlá kan lára bánà lọ, tó o bá bi ọmọ ọmọ ẹ̀ pé kí ni bàbá yìí fẹ́ràn láti jẹ, á máa wojú ẹ. Mo mú lẹ́tà márùn-ún, mo gé wọn kúrú, mo yọ orúkọ kúrò.

Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyá àgbà mi, Àgùdà ni wọ́n, ìyẹn ìran àwọn tó ti Brazil padà wálé, ìtòsí Campos ni wọ́n dàgbà sí. Gbogbo Good Friday la máa ń lọ jẹ frejon, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti kú, ilé ọ̀hún ti di ti ẹlòmíì, èmi ń gbé nínú fúláàtì ní Sùúrùlérè báyìí. Mo fẹ́ pe ọ̀rẹ́ mẹ́jọ, kí n sè é fún wọn, kí n sì sọ ìtàn ìdílé wa. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé mi ò mọ̀ ọ́n sè dáadáa, ìtàn gan-an mi ò mọ̀ ju pé Brazil ni wọ́n ti dé. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Ọmọ Àgùdà, Sùúrùlérè

Ọmọ mi, má tíì ra ẹ̀wà o. Lọ wá ẹni tó dàgbà jù tó ṣẹ́kù lẹ́bí ìyá ẹ, bó jẹ́ àbúrò ìyá àgbà ni, bó jẹ́ ìyá kan tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ra èso tàbí búrẹ́dì dání, kó o lọ jókòó tì wọ́n. Má bẹ̀rẹ̀ sí í ní "ẹ sọ ìtàn ìdílé wa fún mi", ìbéèrè yẹn ló máa ń jẹ́ kí àgbàlagbà ní àwọn ò rántí nǹkan kan mọ́. Nǹkan kékeré ni kó o bi wọ́n. Ṣé ìyá àgbà máa ń fi kànáfùrù sí tiwọn? Ẹja wo ni wọ́n máa ń dín? Ta ló ń fún àgbọn? Ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún, ojúlé wo ni wọ́n ń gbé abọ́ lọ? Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń jáde, torí tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń fún àgbọn, wọ́n á sọ bí ẹni yẹn ṣe dénú ilé yẹn, wọ́n á sọ ẹni tó fẹ́ ẹ, wọ́n á sọ ìjà tí wọ́n jà lórí ilẹ̀, kó o tó mọ̀ wọ́n ti dé orí bàbá tó wọkọ̀ ojú omi dé. Gba ohùn wọn sórí fóònù, àmọ́ tọrọ àyè kó o tó tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó o lè fi ṣe ìpìlẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ nìyí. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil pọ̀ débi pé wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, Nagô. Ní January 1835, àwọn Mùsùlùmí àárín wọn dìde ní ìlú Salvador. Ìjọba borí wọn, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan lẹ́gba, wọ́n fi ọkọ̀ kó àwọn kan padà sí Áfíríkà, ẹ̀rù wá ba ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira, àwọn náà sanwó ọkọ̀, wọ́n ń bọ̀ wálé. Wọn ò wá lẹ́ẹ̀kan o, díẹ̀díẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan sọ̀ sí Ouidah, àwọn kan sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, méjèèjì wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí, àwọn kan wá sí Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí ibi tá a mọ̀ sí Pópó Àgùdà. Káfíńtà, bíríkìlà àti télọ̀ pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni púpọ̀ nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó o máa ń rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn tó ní fèrèsé roboto lókè àti òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sí ara ògiri. Ilé àwọn da Rocha ní Kakawa tí wọ́n ń pè ní Water House wà lára wọn. Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúubú náà, ìjọba ti sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ ní 2016 wọ́n wó o palẹ̀, a sì jọ ń wò ó. Má jẹ́ kí wọ́n rò pé Kátólíìkì ni gbogbo Àgùdà o, Mùsùlùmí wà nínú wọn dáadáa, tó o bá rí mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ lójú pópó, ṣọ́ọ̀ṣì lo máa kọ́kọ́ pè é, torí ọwọ́ tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì Brazil ló mọ ọ́n.

Orúkọ ìdílé yín ńkọ́, bó jẹ́ Pereira tàbí da Silva, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ ẹni tó rà wọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé níbi ìrìbọmi ni wọ́n ti gbà á. Béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì mọ oríkì tàbí ìlú tí wọ́n ti kó wọn lọ. Tí wọn ò bá mọ̀, sọ bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì. Má lọ yá oríkì ẹbí míì lò torí pé ó dùn létí.

Ọjọ́ wo? Mi ò fara mọ́ Good Friday fún irú pátì yìí. Ọjọ́ ààwẹ̀ ni fáwọn Kátólíìkì, oúnjẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ yó lọ́jọ́ náà, wọn ò jẹ ẹran, òun ló fà á tí frejon fi ń bá ẹja rìn. Lọ́jọ́ yẹn, se ìwọ̀nba, gbé abọ́ fáwọn ará ilé ẹ bí ìyá àgbà ti ń ṣe, ó tó. Tó o bá fẹ́ ìjókòó, ẹ̀rín àti ìtàn, gbé e sí 2 November tí ìjọ Kátólíìkì fi ń rántí gbogbo àwọn tó ti kú, tàbí ọjọ́ tí màmá fúnra wọn lọ.

Ó yá, ìdáná. Èèyàn mẹ́jọ, dẹ́ríkà ẹ̀wà kan àtààbọ̀ ti tó, àgbọn ńlá mẹ́rin. Ẹ̀wà olóyin lèmi ń lò, àwọn kan ní dandan ẹ̀wà dúdú ni torí òun ni wọ́n ń jẹ ní Brazil, ti ìyá àgbà ẹ ni kó o tẹ̀ lé. Ṣà á, rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, da omi yẹn nù, sè é láìfi iyọ̀ sí i títí tó fi máa fọ́ fúnra ẹ̀ tó o bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì. Lọ̀ ọ́ ní bíléńdà, kó o wá sẹ́ ẹ, má fo ibí yìí o, èèpo ẹ̀wà tó bá ṣẹ́kù ló ń jẹ́ kó rí bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀. Rin àgbọn, omi gbígbóná ni kó o fi fún un, àkọ́fún tó ki, gbé e sọ́tọ̀, tún da omi sí èyí tó kù, fún un lẹ́ẹ̀kejì. Èkejì tó ṣàn yìí lo máa kọ́kọ́ pò mọ́ ẹ̀wà lórí iná, pẹ̀lú ṣúgà, iyọ̀ fífín kan, àti kànáfùrù bíi mẹ́ta mẹ́rin tó o dì sínú aṣọ funfun kékeré kó má lọ há sẹ́nì kan léyín. Iná jẹ́jẹ́. Má kúrò nídìí ẹ̀, má lọ dáhùn WhatsApp, torí ìdí ìkòkò máa ń jó wéré, tó bá sì ti ń ki, á máa ta pàù pàù síni lápá, ó sì máa ń bóni. Omorogùn ọlọ́wọ́ gígùn, kó o fi aṣọ wé ọwọ́. Tó bá ti ki bí ògì tó jinná, da àkọ́fún sí i, rò ó, jẹ́ kó hó díẹ̀, sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ tí ò jẹ ẹ́ rí máa wojú ara wọn, torí ó dùn bíi nǹkan ọmọdé, ọbẹ̀ ata tó ta létí wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Sọ fún wọn pé àjẹpọ̀ ni, frejon, ọbẹ̀, ẹja díndín, gààrí gbígbẹ tí wọ́n wọ́n sórí ẹ̀, lójú àwo kan náà, nínú síbí kan náà. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò lásán á sọ pé kòkó ọmọ jòjòló ni.

Tí ọmọdé bá wà nínú àlejò ẹ, bù fún wọn ṣáájú. Ní Bahia títí dòní, ní 27 September tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Cosme àti Damião, ẹni mímọ́ méjì tó jẹ́ ìbejì, ọmọdé méje ló ń kọ́kọ́ jókòó ti caruru, ìyẹn ilá tí wọ́n fi epo pupa sè, kí àgbà tó fọwọ́ kàn án, ìbejì ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, bí àwa náà ti ń se ẹ̀wà ìbejì tá a sì ń pe ọmọ àdúgbò. Èyí tó kù ni kó o ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rẹ́ ẹ mú orúkọ òkú ẹbí wọn kan wá, orúkọ àti nǹkan kan tí ẹni yẹn fẹ́ràn láti jẹ, kó má wá jẹ́ pé ìwọ nìkan lo máa sọ̀rọ̀ láti alẹ́ dòru.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé. Mo pe tọkọtaya mẹ́ta wá jẹun alẹ́ nílé tí mo rẹ́ńtì ní ìrántí bàbá bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ. Mo kọ ọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp wa pé a máa pa obì, a máa ta omi sílẹ̀, a ó sì bu àwo oúnjẹ kan sọ́tọ̀ fún wọn. Tọkọtaya kan ní àwọn ò wá mọ́, ẹnì kan fi ẹsẹ Bíbélì ránṣẹ́, ìyàwó mi alára ní ibẹ̀ lòun ti ń gbọ́ ọ. Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì o, mi ò bọ nǹkan kan. Ìbọ̀rìṣà wo ló wà nínú oúnjẹ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ ìyàwó yín wá. Ilé àwọn náà ni, ìkòkò wọn lẹ fẹ́ lò, gúrúùpù lẹ jẹ́ kí wọ́n ti gbọ́. Ẹ lọ tún ìyẹn ṣe kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ míì ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ yín, kì í ṣe obì ló bà wọ́n lẹ́rù. Gbogbo wọn ló ti jókòó níbi ìdána rí, tí alága gbé obì sókè pé obì rèé kó bi ikú kó bi àrùn, ó gbé orógbó, ó gbé ataare, ó gbé oyin, ó gbé iyọ̀, kò sẹ́ni tó dìde, àwọn tó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe àmín jù. Àwo yẹn ló lé wọn. Oúnjẹ tí wọ́n bù fún ẹni tí ò ní jẹ ẹ́ lójú wọn, tí wọn ò mọ ẹni tó máa jẹ ẹ́, ẹ má rò pé wọ́n ya òmùgọ̀ tó bá ń kọ wọ́n lóminú.

Ojú tèmi fi ń wò ó nìyí, ẹ gbà á tàbí kẹ́ ẹ má gbà á. Láyé àwọn bàbá wa, inú ilé ni wọ́n ń sin òkú sí, ojú oórì wà nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ, olórí ẹbí ló sì ń dúró níbẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo ẹbí wà lẹ́yìn ẹ̀. Ilé tẹ́ ẹ rẹ́ńtì lẹ ń sọ yìí, ojú oórì ta ló wà ńbẹ̀? Tí àbúrò bàbá yín bá ṣì ń bẹ láyé, ta ló ní kẹ́yin ta omi sílẹ̀? Inú fíìmù lọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ ọ, wọ́n á di ife mú, wọ́n á wa ohùn wúwo jáde, oríkì ẹni tí wọ́n ń pè gan-an wọn ò mọ̀. Tí ẹbí yín bá ṣì ń ṣe é lágboolé, ẹ lọ bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá, ẹ jókòó, kí àgbà ṣe é. Ilé yín ní tiyín, ẹ fi ṣe ìrántí: oúnjẹ, fọ́tò, oríkì, ìtàn, àdúrà tẹ́ ẹ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ àwo yẹn kúrò, ẹ fún ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá àgbà lóúnjẹ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní ọ̀kan.

Obì, ẹ lè pa á tẹ́ ẹ bá fẹ́, kẹ́ ẹ sọ ọ́ ṣáájú, ẹni tí ò bá fẹ́ mú kó gbà á kọjá sọ́wọ́ ẹnì kejì, kẹ́nikẹ́ni má wò ó lójú. Ẹ pe tọkọtaya tó yọ ara wọn lórí fóònù, kì í ṣe lórí gúrúùpù, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti yí padà fún wọn, kẹ́ ẹ má bá wọn jiyàn Bíbélì. Ọdẹ ni bàbá, àbí? Ẹ wá ẹni tó mọ ìjálá kó wá sun ún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ ò bá rí, ẹ ka oríkì ilé yín láti inú ìwé, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹ se láfún àti ewédú, ẹran gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi se ọbẹ̀ ata ẹ̀, torí ẹran tí ọdẹ bá pa, ó máa ń yan án kó tó délé ni, òórùn èéfín yẹn làwọn ọmọ ẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ẹ má gbé onídùndún wá o, ẹ ní àwọn ará ìsàlẹ̀.

Àǹtí, ẹ ǹlẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London, Peckham ni mò ń gbé. Ìyá ìyá mi ta àmàlà n'Ìbàdàn títí wọ́n fi darúgbó. Mo fẹ́ se àbùlà fún ọ̀rẹ́ mẹ́fà: òyìnbó méjì, ọmọ Ghana kan, ọmọ Jàmáíkà kan, ọmọ Yorùbá méjì tí wọ́n bí síbí. Ọ̀kan nínú wọn ò jẹ ẹran rárá, edé máa ń wú ẹlòmíì lójú. Ẹnì kan ń bọ̀ láti ilé, ṣé kó bá mi gbé ẹran ìgbẹ́ àti ẹ̀wà wá?

Ẹran, rárá. Òfin Britain ò gba kí èrò ọkọ̀ òfuurufú gbé ẹran wọlé láti Nàìjíríà, ì báà gbẹ bí igi, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀, ẹni tó bá ẹ gbé e lojú máa tì. Ẹ̀wà náà, fi í sílẹ̀. Láti 2015 ni European Union ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wọlé, torí oògùn kòkòrò tí wọ́n ń bá nínú ẹ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, Britain ṣì wà nínú European Union nígbà náà. Kí ni màá tiẹ̀ sọ, àwa tá a wà nílé ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀wà funfun olójú dúdú tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Rye Lane máa ṣe gbẹ̀gìrì dáadáa, ẹlùbọ́ náà wà níbẹ̀, sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì torí ó máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú lẹ́tà ẹ ni pé àbùlà rọrùn fẹ́ni tí ò jẹ ẹran. Se gbẹ̀gìrì pẹ̀lú irú, epo pupa àti ata, kó o jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀, má fi edé tàbí ẹja gbígbẹ sí i, ewédú bẹ́ẹ̀ náà. Ìkòkò ọbẹ̀ ata méjì, ọ̀kan lẹ́ran, ọ̀kan láìlẹ́ran, ṣíbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó o sì yẹ ara ohun amóbẹ̀dùn tó o bá rà wò torí wọ́n máa ń fi edé sínú àwọn kan. Ewédú tó dì bíi yìnyín ni wàá rí rà, tí o ò bá ní ìjábẹ̀, bíléńdà ọlọ́wọ́ á ṣe é, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á pàdánù yíyọ̀ ẹ̀.

Má sọ ìyá àgbà di ìwé ẹ̀kọ́ fáwọn òyìnbó. Gbé abọ́ omi àti ọṣẹ yí tábìlì ká, kí ẹni tó dàgbà jù kọ́kọ́ fọwọ́, fi bí wọ́n ṣe ń gé òkèlè hàn wọ́n, ó parí. Jẹ́ kí àwọn náà sọ tiwọn. Àwọn ará Jàmáíkà ní ohun tí wọ́n ń pè ní Nine-Night, wọ́n á ṣàìsùn fún òkú, wọ́n á kọrin, wọ́n á jẹ, wọ́n sì máa ń tẹ́ tábìlì kan tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn títí di òru. Bi ọ̀rẹ́ ẹ bóyá ilé wọn ń ṣe é. Ọmọ Ghana á sọ ti ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń pé jọ lẹ́yìn ikú. Òyìnbó náà níyàá àgbà tó ń yan nǹkan kan, sọ fún wọn kí wọ́n yan án wá, ìyẹn á jẹ́ oúnjẹ ìpanu ìkẹyìn, ìwọ á sì bọ́ lọ́wọ́ wíwá nǹkan dídùn tó bá àmàlà lọ, èyí tí ò sí.

Asalaamu alaikum mà. Ìlọrin. Mo fẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti kú wá jẹ túwó àti ọbẹ̀ tí bàbá fẹ́ràn. Ìyàwó mi ní sàráà ló yẹ kí n ṣe kí n pe Áfáà, àbúrò mi ní bíd'à ni gbogbo ẹ̀, àṣà tuntun tí ò sí nínú ẹ̀sìn. Èwo ni kí n ṣe?

Wa alaikumu salaam. Mi ò kì í ṣe Áfáà o, ìyẹn làkọ́kọ́. Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ẹni tí wọ́n wá jẹun nílé ẹni, oúnjẹ ni, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìjọsìn. Sàráà lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ Ànọ́bì wà lórí ẹ̀, nípa ọkùnrin tó béèrè pé ìyá òun kú lójijì, tí òun bá ṣe sàráà nítorí ẹ̀ ṣé ẹ̀san ẹ̀ á kàn án, Ànọ́bì ní bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà ẹ se méjì lọ́jọ́ kan náà, kí kúlà àkọ́kọ́ jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ò ní kí àwọn ọ̀rẹ́ bàbá tó dé, àbúrò yín ni kẹ́ ẹ rán. Ọ̀rẹ́ bàbá pọ̀ tí wọ́n ti dàgbà, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè jẹun, kí wọ́n lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà mí. Adó-Èkìtì. Bàbá àgbà mi ló kọ́ ilé tá à ń gbé, òun ló rán bàbá mi níléèwé, gbogbo ìlú ló ń yìn ín. Kí ìyá àgbà mi tó kú, wọ́n sọ fún mi pé ńṣe ló máa ń lu àwọn, ó sì lé àwọn jáde pẹ̀lú oyún nínú. Mo fẹ́ gún iyán fáwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìrántí ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tí mo bá pe orúkọ ìyá àgbà láìpe ti bàbá àgbà, mo ti dójú ti ẹbí, òun ò sì ní í fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ṣé kí n pe àwọn méjèèjì?

Rárá. Iyán ẹ ni, ilé ẹ ni, ẹni tó o bá fẹ́ rántí ni kó o rántí. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé gbogbo òkú ẹbí ló gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe gbogbo ẹni tó kú là ń pè tá a bá fẹ́ súre, ẹni tó gbó, tó tọ́, tó fi ìwà sílẹ̀ là ń pè, ìlú lè yin bàbá torí ó kọ́ ilé, ìyàwó tí wọ́n lé jáde nínú ilé yẹn náà ní ẹnu tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbọ́, ohun tí màmá sọ fún ẹ, ìwọ ni wọ́n sọ ọ́ fún. Wọn ò sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan tó o bá ti tú u sórí tábìlì, bàbá náà lẹ máa máa sọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á gbàgbé ẹni tí ẹ wá torí ẹ̀, ẹnì kan á sì gbé e lọ délé. Ibi tí mo fẹ́ kó o dojú kọ ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Oyún wà nínú, wọn ò nílé. Ta ló gbà wọ́n sílé? Kí ni wọ́n tà? Odó ta ni wọ́n fi gún iyán àkọ́kọ́ níbẹ̀? Ọmọ tí wọ́n bí yẹn, ta ni? Tó bá jẹ́ bàbá ẹ ni, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ kò bá máà sí láyé tí kì í bá ṣe obìnrin tó gba màmá sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, orúkọ tirẹ̀ náà yẹ kó jáde. Tí o ò bá mọ àwọn ìdáhùn yìí, àwọn àgbàlagbà tó wà ládùúgbò tí màmá gbé kẹ́yìn lo máa lọ bá, kì í ṣe ẹbí bàbá àgbà.

Ẹ̀gbọ́n ẹ, pè é o. Sọ fún un pé ìyá àgbà lò ń ṣe, pé lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣe ti bàbá àgbà, wàá bá a ṣa ẹ̀fọ́. Tó bá wá tó sì dárúkọ bàbá láàárín ọ̀rọ̀, má bá a jà, má sì bá a yìn ín, bu ọbẹ̀ sí i fún un.

Iyán fún àlejò, má gún un sílẹ̀ de wọ́n. Se iṣu nígbà tí wọ́n bá ti ń wọlé, kí wọ́n bá a lórí iná, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti wà nílẹ̀ látàárọ̀. Iṣu tó gbó ni kó o rà, èyí tó bá ń rọ omi kò ní í ṣe iyán tó dúró. Tí ẹ bá ju mẹ́fà lọ, yá odó kejì ní ojúlé kejì, kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ máa gbà á gún, méjì méjì, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ máa ń jáde lẹ́nu èèyàn. Ẹ̀gbọ́n ẹ tó bá dé pẹ̀lú ìbínú, ọmọ odó tó wúwo jù ni kó o kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́.